Àjà Wo Ni Màmá Yóò Gbé?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Ìlóde. Bùnmi, ọmọ mi kan ṣoṣo, ni ó bá mi gbé ẹrù dé ojú títì. Ó ti di iṣu àti gààrí sínú àpò kan, ó sì fi obì sínú èkejì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bínú sí yín o."

Mo ní mo gbọ́.

Màmá tí ó ń wí ni ìyá ìyàwó mi. Wùràọlá ìyàwó mi ti ṣaláìsí, ó ti lé ní ọdún márùn-ún báyìí. Mushin ní Èkó ni ìyá rẹ̀ ń gbé, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Owó ara rẹ̀ ni ó fi kọ́ ilé náà. Nígbà tí agbára rẹ̀ ṣì wà, obì ni ó máa ń rà ní Ifẹ̀ tí ó ń kó lọ sí Kánò, ọkọ̀ ojú irin ni ó sì ń gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi ra ilẹ̀ sí ibi tí yóò ti máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti orí ẹní rẹ̀. Òwò obì yìí náà ni ó jẹ́ kí ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí Ifẹ̀, tí mo fi rí Wùràọlá. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ohun tí ó gbé mi dìde ni pé wọ́n fẹ́ wó ilé Màmá. Kì í ṣe ìjọba ni ó fẹ́ wó o. Agbaṣẹ́ṣe kan, ọ̀gbẹ́ni Dàda, ni ó wá sọ pé òun yóò fi owó ara òun kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin sí ojú ilẹ̀ náà. Òun yóò máa gba owó ilé lórí àjà kan fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á di ti ẹbí. Bẹ́ẹ̀ ni irú wọn ń bẹ gbogbo ẹni tí ó ní ilẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, nítorí pé kò sí òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ gbé ibi tí ó jìnnà sí ọkọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára létí gbogbo wa. Bùnmi ti ríṣẹ́ sí báńkì kan ní Èkó, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìpín ìyá rẹ̀ nínú ilé náà ni a fọkàn sí pé yóò máa gbé.

Màmá gbà pé kí wọ́n wó o, ṣùgbọ́n ó ní àjà òkè pátápátá ni òun yóò gbé. Kò sí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Àgbà kì í jókòó kí ọmọdé máa rìn lókè orí rẹ̀. Dàda ní ìsàlẹ̀ ni ó yẹ arúgbó. Màmá dá a lóhùn pé kí ó lọ fi ìyá tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti ń dà á láàmú tipẹ́. Bí wọ́n bá gbé e gun òkè lónìí, kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ni Gàníyù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí ó jẹ́ àkọ́bí Màmá, bá ránṣẹ́ sí mi pé, "Àna wa, ẹ wá bá wa bẹ̀ wọ́n. Èmi ò lè bá ìyá mi jiyàn mọ́." Bí ẹni pé àna ni ó wá lè bá a jiyàn. Síbẹ̀, mo gbàyè níbi iṣẹ́ mi ní yunifásítì, níbi tí mo ti ń di ìwé, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Pijó kan ń pe Ìbàdàn ní gáréèjì, ó ku ẹnì kan. Náírà méjì àbọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a dé Ẹdúnàbọ̀n, ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, àwọn obìnrin sì ti ń to ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu sí etí títì. Ọ̀nà dán títí dé Gbọ̀ngán. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni kòtò bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ wa sì ń yà fún wọn lọ́tùn-ún lósì bí ẹni ń jó. Ní Ìkirè ó dúró kí a lè ra dòdò. Fún ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ rí, dòdò Ìkirè kì í ṣe dòdò tí a ń dín nílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n gan-an ni wọ́n ń po mọ́ ata kí wọ́n tó dín in nínú epo pupa. Ó máa ń dúdú bí èédú, ó ń dùn, ó sì ń ta lẹ́nu. Mo ra ẹyọ kan.

Awakọ̀ bi mí pé, "Bàbá, ta lẹ ń lọ kí?"

"Ìyá ìyàwó mi ni."

"Ẹyọ kan lẹ wá rà? Ẹ fẹ́ kí wọ́n gba ìyàwó padà ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀, n kò sì sọ fún un. Mo ra méjì sí i.

Mo lè wọ mọ́tò láti Ìbàdàn dé Èkó, ì bá sì yá jù. Ṣùgbọ́n Màmá kì í ka ẹni tí ó bá wọ mọ́tò kún arìnrìn-àjò. Mo lọ sí Dùgbẹ̀, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, mo sì rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Igi ni ìjókòó rẹ̀, ó le. Ọkọ̀ náà kò kánjú. Níbi gbogbo tí ó bá ti dúró ni àwọn ọlọ́jà ti ń nawọ́ oúnjẹ sókè sí wa: ẹyin sísè, ẹ̀pà, ìrẹsì tí a wé sínú ewé. Mo ra ìrẹsì ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú ẹja díndín kan lórí rẹ̀. Ewé náà ti fi òórùn rẹ̀ sára ìrẹsì, n kò sì jẹ ìrẹsì tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Láti Abẹ́òkúta, oko ni a ń rí, oko àti igbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sún mọ́ Agége, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ojú irin bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wọkọ̀. Àwọn ilé àtijọ́, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, páànù wọn ti dípẹtà. Láàárín wọn ni àwọn tuntun ti ń yọrí, alájà mẹ́ta, alájà mẹ́rin, igi tí wọ́n fi ń kọ́lé ṣì wà lára òmíràn. Aṣọ tí wọ́n sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ń fẹ́ lókè orí wa. Bí ọkọ̀ bá dúró, mo ń rí ènìyàn tí ó ń jẹun nínú ilé rẹ̀, òun náà sì ń wò mí.

Obìnrin aránṣọ kan tí ó jókòó tì mí sọ fún mi pé inú ọ̀kan nínú àwọn ilé tuntun náà ni òun ń gbé. Ó ní fúláàtì ni wọ́n ń pè é. Mo ní kí ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ilé kan nínú ilé ni, tí ó ní yàrá tirẹ̀, ilé ìdáná tirẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, tí o bá ti ti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, o ti tì gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Mo bi í pé, "Ilé mélòó ló wà nínú ilé yín?"

"Mẹ́jọ ni, bàbá."

"Ẹ mọ orúkọ gbogbo wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Orúkọ kẹ̀? Ọbẹ̀ wọn ni mo mọ̀. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn lọ lálẹ́, mo mọ ẹni tó se ilá, mo mọ ẹni tó jẹ́ kí ẹ̀wà jóná."

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí títí a fi dé Mushin. Ní Ìlóde, ilé baba mi, bí ọbẹ̀ ẹnì kan bá jóná, ẹni mẹ́ta ni yóò ti pariwo kí èéfín tó rú. Ní Ifẹ̀, agbo ilé dùbúlẹ̀ sílẹ̀ gbalaja ni. Ní Èkó, wọ́n ti gbé e dìde dúró. Bóyá ó ṣì ń jẹ́ agbo ilé bí ó bá ti dìde, ohun tí n kò mọ̀ nìyẹn.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lórí àpótí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí àna kì í fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lásán. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká.

"Àna mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ dìde. Mọ́tò lẹ fi wá?"

"Ọkọ̀ ojú irin ni, mà."

"Hẹn-ẹn. Ẹ ti rìn nìyẹn. Ọmọ mi Bùnmi ńkọ́?"

Mo ní ó ń kí wọn. Ó tú dòdò Ìkirè, ó jẹ díẹ̀, ó ní wọn kò fi ata sí i tó ti àtijọ́. Ó jẹ ẹ́ tán.

Gàníyù ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ ni èmi àti rẹ̀ ní ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni, ẹ̀gbọ́n ẹni ni. Lẹ́yìn tí a jẹ ẹ̀bà tán, Dàda náà wọlé. Ó tẹ́ àwòrán ilé náà sórí tábìlì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi hàn wá pé ọ̀nà àbáwọlé kan ṣoṣo ni yóò wà, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, fúláàtì kan lórí àjà kọ̀ọ̀kan.

Màmá tẹ orí mọ́ ìwé náà. "Níbo ni òkè rẹ̀?"

Dàda fi hàn án.

"Ibẹ̀ ni tèmi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti orúnkún yín."

"Orúnkún mi ni yóò gùn ún, kì í ṣe tìrẹ. Kí n wà nísàlẹ̀, kí ìyàwó Gàníyù máa fọ ẹsẹ̀ lókè orí mi?"

Gàníyù ní, "Màmá, ìyàwó mi ò ní fọ ẹsẹ̀ mọ́."

"Ẹlẹ́gbin ni yóò wá jẹ́, àbí?"

A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò tú ohunkóhun. Dàda ká ìwé rẹ̀. Ó ní àwọn mìíràn ń dúró de òun, bí ọ̀rọ̀ kò bá sì yanjú láàárín ọ̀sẹ̀ náà, òun yóò gba ilẹ̀ ẹlòmíràn. Gàníyù wò mí. Mo mọ̀ pé nítorí èyí ni wọ́n ṣe pè mí. Níkẹyìn mo bi Dàda bóyá irú ilé bẹ́ẹ̀ wà nítòsí tí a lè lọ wò.

Màmá ni ó dáhùn. "Ó wà. Ti Alhaji Láwàní, ní òdìkejì ojú irin. Alhaji jù mí lọ, òkè pátápátá ló sì ń gbé. Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la, kí ojú yín lè rí i."

Gàníyù fi ojú bá mi wí. Ó rò pé mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, èmi àti Màmá sọdá ojú irin. Ilé Alhaji mọ́, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ọ̀sàn. Màmá di irin àtẹ̀gùn mú, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ó bá fẹ́ ṣubú. Ó dúró lórí àjà kìíní láti wo inú ilé wọn. Ó dúró lórí èkejì láti mí. Nígbà tí ó dúró lórí ẹ̀kẹta, kò ṣe bí ẹni ń wo nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n ó gùn ún dé òkè.

Alhaji Láwàní yọ̀ púpọ̀ láti rí wa. Ó yọ̀ ju bí mo ti retí lọ. Ó fà wá wọlé, ó fún wa ní omi, ó fà wá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Atẹ́gùn ń fẹ́. A ń wo òrùlé gbogbo àdúgbò, ojú irin sì ń dán lọ títí láàárín wọn. Apẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú okùn gígùn. Alhaji ní ohun tí òun fi ń ra búrẹ́dì nìyẹn. Òun á sọ ọ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú owó, alábúrẹ́dì á kó búrẹ́dì sí i, òun á sì fà á.

Màmá ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń kí yín dáadáa?"

"Wọ́n ń kí mi."

"Níbí?"

Kí Alhaji tó dáhùn, ohùn kan ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ káàsán o, Alhaji!" Alhaji sáré sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "O káre o! Ta nìyẹn?" Ẹni náà ti lọ.

Ó padà wá jókòó. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń kí mi nìyẹn. Ẹni tó bá gun dé ibí, kì í ní èémí ìkíni lẹ́nu mọ́."

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Alhaji di ọwọ́ mi mú, ó ní kí a jókòó díẹ̀ sí i. A jókòó díẹ̀ sí i.

Sísọ̀kalẹ̀ le ju gígùn lọ. Orúnkún Màmá ń gbọ̀n. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tí ó kẹ́yìn, ó ní òun kò lè rìn mọ́, kí n jẹ́ kí òun sinmi. Mo dúró tì í. Kò pẹ́ ni ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ fọn fèrè, ó dúró, àwọn ará ilé náà tí ó lọ síbi iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ọkùnrin kan tí ó wọ táì ni ó kọ́kọ́ dé. Ó bá arúgbó lórí àtẹ̀gùn, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Ta ni yóò gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá láìkí i? Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"O káre, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?"

Ó sọ ìlú rẹ̀. Màmá mọ ìyá ìyá rẹ̀ níbi òwò obì. Ó ṣàdúrà fún un, ó sún díẹ̀, ọkùnrin náà kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin kan tí ó pọn ọmọ kúnlẹ̀. Màmá ní ọmọ náà gbóná, kí ó má wẹ̀ ẹ́ lálẹ́ yẹn. Ẹlẹ́ja kan kúnlẹ̀, ó sì fi ẹja kan sílẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin kan fẹ́ fò ó kọjá pẹ̀lú bàtà gíga.

Màmá ní, "Ìwọ, bàtà rẹ ni kò jẹ́ kí o lè tẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ káàbọ̀, mà."

"Ibo ni mo lọ tí o fi ń kí mi káàbọ̀? Kúnlẹ̀ dáadáa. Hẹn-ẹn. Wàá rí ọkọ tó dára."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìyà tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ fi ń jẹ ẹ́. Títí gbogbo wọn fi wọlé, Màmá ti mọ ẹni tí ó ń wá iṣẹ́, ó ti mọ ẹni tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. N kò rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Wùràọlá ti lọ.

Gàníyù wá wá wa. "Màmá, ilẹ̀ ń ṣú. Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mo ń gbélé."

Ó ràn án lọ́wọ́ dìde. Màmá wo àtẹ̀gùn náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

Ó ní, "Gàníyù, ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́. Ẹsẹ̀ tó bá kúnlẹ̀ fún mi kó tó gùn, kò gùn mí lórí."

Dàda dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Màmá ní kí ó yí ilẹ̀kùn òun padà, kí ó kọjú sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kí ó sì fi sìmẹ́ǹtì mọ ìjókòó síbẹ̀.

Dàda ní, "Màmá, títì ni ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ máa ń kọjú sí."

"Títì a máa dọ̀bálẹ̀ ni?"

Dàda yọ pẹ́ńsù rẹ̀, ó sì yí ilẹ̀kùn náà padà.

Ó wá ku pípín. Gàníyù ní òun ni àkọ́bí, àjà tí ó tẹ̀lé ti Màmá ni ó yẹ òun. Bí àṣà bá ni, ó jàre. Màmá mi orí.

"Rárá. Láti kékeré lo ti ń rìn bí ẹni ń gún iyán. Lọ sókè sí i. Àwọn ayálégbé Dàda yóò gbé àjà òkè pátápátá." Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá Bùnmi, àjà tó wà lórí tèmi, ti Wùràọlá ni. Bùnmi ni yóò gbé e. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ni mo fẹ́ máa gbọ́ lókè orí mi."

Gàníyù kò jiyàn. Mo tún dọ̀bálẹ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà lọ ni mo gbà padà, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, Pijó dé Ifẹ̀. Bí mo ti ń wo àwọn ilé gíga wọ̀nyẹn láti fèrèsé, n kò bẹ̀rù wọn mọ́ bí mo ti bẹ̀rù wọn nígbà tí mo ń lọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ilé ga. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbà ni wọ́n ń gbàgbé láti kọ́ sí i. Ní Ìlóde, kò sí ẹni tí ó lè wọlé sùn láìgba iwájú àgbà kọjá, ìyẹn gan-an sì ni ó ń sọ ọ́ di agbo ilé. Bí a bá fi àgbà sí ibi tí gbogbo ẹsẹ̀ ń gbà, ilé lè ga tó bí ó bá ṣe fẹ́.

Bùnmi ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo sọ fún un pé Màmá gbà, pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n yóò máa gbé, pé lókè orí wọn ni Bùnmi yóò wà.

Ẹ̀rù bà á. "Lókè orí Màmá, Bàbá? Màá máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Màá máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn ni."

Mo ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ní kí o máa wọ bàtà rẹ rìn."